Ọwọ́ Òsì Bàbá Mi

Bàbá mi kì í gba nǹkan lọ́wọ́ òsì. Nígbà tí mo wà ní kékeré, bí mo bá fi ọwọ́ òsì gbé omi fún wọn, wọn kò ní í bá mi sọ ọ̀rọ̀ kankan. Wọ́n á kàn gbá ọwọ́ náà, pàá. Ife á ṣubú, omi á dà, èmi náà ni n ó sì nù ún. Ọlọ́wọ́ òsì ni Ọlọ́run dá mi, ṣùgbọ́n kí n tó dé kíláàsì kejì, wọ́n ti gbá a títí mo fi di ọlọ́wọ́ ọ̀tún. Bí àlejò bá béèrè ilé wa lẹ́nu kílóòsì, òpópónà kékeré wa, tí mo bá gbàgbé tí mo na òsì, wọ́n á ní, "A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni." Pàá. N kò bínú sí wọn nígbà náà. Irọ́ ni, mo bínú.

Òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìntì, Festac ni wọ́n sì ti ń gbé láti ìgbà tí ọ̀dà ara ilé náà ṣì ń dán. Ìyá mi kú, àwọn ọmọ tó kù lọ sí òkè òkun, ilé ọkọ tú mọ́ èmi lórí, mo bá kó ẹrù mi padà sí yàrá tí mo ti sùn nígbà ọmọdé. Ó ku àwa méjì, pẹ̀lú mọ́tò wọn. Mọ́tò yẹn dàgbà ju ìgbéyàwó mi lọ, ó sì ní àlàáfíà jù ú lọ. Bàbá nìkan ló ń wà á. Àwọn nìkan ló ń fọ̀ ọ́, ní gbogbo Sátidé, pẹ̀lú síńgílẹ́ẹ̀tì funfun àti korobá méjì. Bí mo bá ní kí n bá wọn nu inú rẹ̀, wọ́n á ní kí n lọ nu inú ilé.

Àárọ̀ ọjọ́ Àìkú kan ni àrùn rọpárọsẹ̀ kọlù wọ́n. Wọ́n ti jókòó sídìí ọkọ̀, wọ́n ti tan án, èmi ni wọ́n ń dúró dè kí a jọ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà tí mo fi máa jáde, wọ́n ti dorí kodò sórí sítíárì, ìtọ̀ sì ń ṣàn láti orí àga wọn wọ abẹ́ rẹ̀. Èmi àti aládùúgbò kan fà wọ́n bọ́ sórí àga kejì. Mo jókòó sórí omi yẹn, mo wa mọ́tò tí n kò wà rí láyé mi dé ọsíbítù.

Wọn kò kú. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ọ̀tún kú pẹ̀lú ẹsẹ̀ rẹ̀, ọ̀rọ̀ sì lọ. Ohùn kan ṣoṣo ló kù tí wọ́n ń mú jáde, "à-à, à-à", ohunkóhun tí wọn ì báà fẹ́. Mo fi bíírò sí wọn lọ́wọ́ òsì pé kí wọ́n gbìyànjú kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n ń wí. Wọ́n wò ó, wọ́n jù ú sílẹ̀. Dókítà pè mí sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó ní oṣù mélòó kan àkọ́kọ́ yìí ni ogun wà; kí n máa gbé wọn wá ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti ọjọ́ Ẹtì, kí àwọn tó ń fi eré ìdárayá tún ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ṣe lè máa nà án fún wọn, kí wọ́n sì máa kọ́ wọn ní ọ̀rọ̀. "Bí ẹ bá fi falẹ̀, ọwọ́ yẹn ò ní í padà mọ́." Mo ní mo ti gbọ́.

Bàbá kò wọ mọ́tò ẹlòmíràn. Mo gbìyànjú rẹ̀. Mo pe irú ọkọ̀ tí wọ́n ń fi fóònù pè, ó dé ẹnu géètì wa, bàbá fi ọwọ́ òsì di irin géètì mú, wọ́n ń ké "à-à" títí awakọ̀ náà fi ní òun ń lọ. Lóòótọ́, ẹsẹ̀ wọn tó le gbagidi yẹn kò fẹ́ wọ inú mọ́tò kékeré, ṣùgbọ́n agídí ló pọ̀ jù níbẹ̀. Nítorí náà, mọ́tò tiwọn ni, tàbí kí a jókòó sílé.

Ohun àkọ́kọ́ tí mo ṣe ni pé mo gbé e lọ sí ibi tí wọ́n ti ń fọ mọ́tò. Òórùn ìtọ̀ náà kò ṣeé mú mọ́ra. Mo ní kí wọ́n ká kápẹ́ẹ̀tì sókè pátápátá, kí wọ́n fi ọṣẹ àti búrọ́ọ̀ṣì gbo abẹ́ àga awakọ̀. Mo dúró tì wọ́n lórí. Mo ń nàka sí i pé, "Ibẹ̀ yẹn, ẹ tún un gbo." Wọ́n tún un gbo. Mo lọ sílé pẹ̀lú inú dídùn pé mo ti ṣe ohun tó yẹ.

Ní ọjọ́ Ẹtì tí a kọ́kọ́ jáde, bí mo ṣe tan mọ́tò báyìí, iná pupa kékeré kan tó ní àwòrán bátìrì tàn nínú dáṣíbọ́ọ̀dù, kò sì kú. Bàbá rí i kí n tó rí i. Wọ́n na ọwọ́ òsì, wọ́n fi gbá bíréèkì ọwọ́ tó wà láàárín wa, wọ́n sì nàka sí abẹ́ àga mi. "À-à. À-à." Ìtìjú wọn mú mi. Ìtọ̀ yẹn ni mo rò pé wọ́n ń sọ. Mo rọra ní, "Bàbá mi, mo ti fọ̀ ọ́. Kò rùn mọ́. Ẹ má jẹ́ kó dùn yín." Wọ́n tún nàka síbẹ̀. Mo tún ní mo ti fọ̀ ọ́. Omijé bọ́ lójú wọn, èmi náà sunkún díẹ̀, a lọ, a sì bọ̀. Orí ara mi wú mi lọ́jọ́ náà, èmi ọmọ rere tó ń tọ́jú bàbá rẹ̀.

Nígbà tó di ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mọ́tò kò jí. Mo pe rìwáyà kan, oníṣẹ́ iná mọ́tò, tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lọ́nà Àmùwò. Ọkùnrin tó mọ ẹnu ni. Ó fi bátìrì tirẹ̀ tan án, ó gbé ẹ̀rọ ìwọ̀n sí i, ó mi orí.

"Mọ́mì, alítánétọ̀ yín ti lọ. Òun ló ń fún bátìrì ní iná bí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́. Èyí ò fún un ní nǹkan kan."

Mo béèrè bóyá kò lè jẹ́ wáyà ló já níbì kan. Ó rẹ́rìn-ín. "Nínú mọ́tò àtijọ́ yìí? Ta ló máa jókòó máa wá wáyà? Ẹ jẹ́ ká pààrọ̀ rẹ̀."

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn. Wọn kì í wádìí. Wọ́n á pààrọ̀ eléyìí, wọ́n á pààrọ̀ tọ̀hún, bí ó bá ṣiṣẹ́, wọ́n á ní àwọn ti sọ bẹ́ẹ̀. Èmi náà kò sàn jù wọ́n lọ, nítorí èmi ni mo ní kó máa bá a lọ. A lọ sí ọjà Trade Fair, a ra tòkunbọ̀ kan nínú èyí tí wọ́n tò sílẹ̀ bí iṣu. Ẹni tó tà á gba ti àtijọ́ lọ́wọ́ wa, ó jù ú sórí òkìtì irin tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Alítánétọ̀ tí bàbá mi ti ń lò láti ìgbà tí mo wà ní yunifásítì nìyẹn. N kò tilẹ̀ wo ibi tó bọ́ sí.

Wọ́n de tuntun mọ́ ọn, iná pupa tún tàn. Rìwáyà ní tòkunbọ̀ náà ni kò dáa. A padà sí Trade Fair, wọ́n fún wa ní òmíràn, a dé ilé, iná pupa ń wò mí lójú. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan lọ báyìí, ọjọ́ Ẹtì tẹ̀lé e, Ìṣẹ́gun mìíràn tún lọ. Ní gbogbo àárọ̀ ọjọ́ ọsíbítù, bàbá á ti jókòó sí fáráńdà, mo ti wọ ẹ̀wù fún wọn, mo ti dé fìlà fún wọn. Bí rìwáyà bá ti ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ òsì gbá apá àga, wọ́n á máa nàka sí ẹnu ọ̀nà awakọ̀, sísàlẹ̀, sísàlẹ̀. Rìwáyà bi mí pé, "Kí ni Bàbá ń wí?"

Mo ní, "Ẹ má dá wọn lóhùn. Orí wọn ò tíì padà sípò." Bàbá gbọ́. Etí wọn kò kú.

Mo ra nǹkan olóòórùn dídùn kan, mo so ó mọ́ gíláàsì iwájú, kí wọ́n lè mọ̀ pé òórùn ti tán. Wọ́n wò ó títí, wọ́n wá gbójú kúrò.

Nígbà tí alítánétọ̀ kẹta náà kò pa iná yẹn, rìwáyà fa wáyà pupa kan láti orí bátìrì tààrà lọ sórí alítánétọ̀. Dáyírẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ń pè é. Lóòótọ́, bátìrì bẹ̀rẹ̀ sí í gba iná, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n wáyà tí kò gba ọ̀dọ̀ kọ́kọ́rọ́ kọjá kì í sùn. Bí a bá pa mọ́tò, yóò máa fa iná bátìrì lọ títí ilẹ̀ á fi mọ́, bátìrì á sì ti kú. Ó ní kò sí wàhálà, kí n ṣáà máa fi sípánà yọ orí bátìrì bí mo bá ti dé ilé, kí n máa dè é padà bí mo bá fẹ́ jáde. Èmi tí mo ti lé ní àádọ́ta ọdún, mo ń dọ̀bálẹ̀ sínú bọ́nẹ́ẹ̀tì, gíríìsì dé ìgbọ̀nwọ́. Ọjọ́ tí mo bá gbàgbé, a ò ní í lè jáde. Mo gbàgbé lẹ́ẹ̀mejì.

Ọ̀dọ́mọbìnrin tó ń na ọwọ́ bàbá ní ọsíbítù fà mí sẹ́yìn. Ó ní ìka ọwọ́ ọ̀tún wọn ti ń ká wọ àtẹ́lẹwọ́, ó sì ti ń le. "Mà, ọ̀sẹ̀ mélòó lẹ fi wá? Ìṣẹ́gun tó ń bọ̀ yìí, bí aago mẹ́wàá bá lù tí n kò rí yín, màá fi ẹlòmíràn sí àyè yín. Àwọn tó ń dúró pọ̀." Kò sọ ọ́ pẹ̀lú ìbínú. Ìbá sọ ọ́ pẹ̀lú ìbínú, n bá rí ẹni bá jà.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun náà, mo jí, mo de orí bátìrì, mo gbé bàbá sínú mọ́tò, aago mẹ́jọ kò tíì lù. Bí a ṣe bọ́ sí ọ̀nà Àgbádárìgì, iná pupa tún tàn. Wáyà dáyírẹ́ẹ̀tì ti jó mọ́ ara ẹ́ńjìnnì, ṣùgbọ́n n kò mọ̀ nígbà náà. Ohun tí mo mọ̀ ni pé bàbá tún bẹ̀rẹ̀. Wọ́n gbá bíréèkì ọwọ́. Wọ́n nàka sí abẹ́ mi. "À-à." Mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́." Wọ́n tún gbá a. Wọ́n tẹ ara wọn wá sí ọ̀dọ̀ mi, wọ́n na ọwọ́ yẹn gba itan mi kọjá, wọ́n ń wá ìsàlẹ̀ àga lọ. Sítíárì yẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́, ọkọ̀ ńlá kan fun fèrè lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa.

Mo gbá ọwọ́ náà. Pàá.

Ọwọ́ ọ̀tún ni mo fi gbá a, èyí tí àwọn fúnra wọn kọ́ mi láti máa lò. Mo sì sọ̀rọ̀. Mo ní, "Ìtọ̀ yín ti tán níbẹ̀! Ẹ fi mí sílẹ̀!" Wọ́n fa ọwọ́ wọn padà, wọ́n gbé e sórí itan, wọ́n sì ń wo iwájú. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn tù mí lára. Ọlọ́run ló mọ̀ pé ó tù mí lára.

Nígbà tí a dé Alákijà, mọ́tò kú. Àwọn èèyàn bá mi tì í kúrò lójú ọ̀nà. Ní òdìkejì, bàbá arúgbó kan jókòó lábẹ́ abùradà, ó ń fa tẹ̀sùbáà, bátìrì àtijọ́ mélòó kan àti ìdì wáyà wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Rìwáyà ni òun náà. Ó wo mọ́tò náà, ó dìde, ó rọra kọjá wá.

"Mo mọ mọ́tò yìí," ni ó wí. Ó yí lọ sí ojú fèrèsé bàbá, ó ṣí fìlà rẹ̀. "Ọ̀gá mi, ẹ kú àtijọ́. Háà. Ọlọ́run á fún yín ní àlàáfíà." Bàbá gbé ojú sókè sí i, ojú wọn sì kún fún omijé. Ó padà wá bá mi. "Ọmọ mi, ìgbà wo ni iná pupa yẹn ti ń tàn?"

Mo rò fún un, láti orí alítánétọ̀ àkọ́kọ́ dé orí wáyà pupa.

"Kí ó tó máa tàn, ṣé ẹnì kan ká kápẹ́ẹ̀tì yìí sókè?"

Mo ní, "Èmi ni. Mo ní kí wọ́n fọ̀ ọ́."

Ó ṣí ilẹ̀kùn mi, ó kúnlẹ̀ sórí yanrìn, ó na ọwọ́ sí abẹ́ àga awakọ̀. Ó wá etí kápẹ́ẹ̀tì, ó gbé e, ó fi ìka tẹ nǹkan kan. Mo gbọ́ ọ, kẹ́. Ó gbé bátìrì kan wá, ó yọ wáyà pupa tó jó náà kúrò, ó jù ú sí kòtò. "Ẹ tan án." Mo tan án. Iná pupa tàn, ó sì kú, kò tàn mọ́. Gbogbo rẹ̀ kò gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ.

Súìṣì kékeré kan ni, dúdú, kò ju àtàǹpàkò lọ. "Ìgbà tí àwọn olè ń fi ìbọn gba mọ́tò ní Festac ni mo ṣe é fún wọn," ni ó wí. "Wáyà tó ń jí alítánétọ̀ ni mo gba inú rẹ̀ kọjá. Bí súìṣì bá wà ní pípa, mọ́tò á tan, á rìn, ṣùgbọ́n bátìrì ò ní í gba iná. Olè á gbé e, á sì kú mọ́ ọn lọ́wọ́ kó tó jìnnà. Nígbà tí ìlú rọ̀, wọ́n ṣí i sílẹ̀, wọn ò pa á mọ́. Àwọn tó fọ kápẹ́ẹ̀tì ló fi búrọ́ọ̀ṣì pa á."

Mo ní, "Kí ló dé tí wọn ò sọ fún wa?"

"Wọ́n mú mi búra. Wọ́n ní n kò gbọdọ̀ sọ fún ìyá ilé, n kò gbọdọ̀ sọ fún ọmọ. Wọ́n ní bí olè bá na ìbọn sí ọmọ àwọn, ọmọ tí kò bá mọ̀, kò lè sọ, olè ò sì ní í yìn ín níbọn nítorí súìṣì." Ó gbọn yanrìn kúrò ní orúnkún rẹ̀.

"Alítánétọ̀ tí a jù nù ńkọ́?"

"Kò sí ohun tó ṣe é."

Mo wo bàbá mi. Wọn kò wò mí. Ọwọ́ òsì wọn ṣì wà lórí itan níbi tí wọ́n gbé e sí, ẹ̀yìn rẹ̀ sì pọ́n díẹ̀.

Ìdádúró yẹn jẹ́ kí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ ká wa mọ́ ọ̀nà, a sì dé ọsíbítù nígbà tí aago mẹ́wàá ti kọjá dáadáa. Obìnrin kan ti wà lórí bẹ́ẹ̀dì wa, wọ́n ń na ẹsẹ̀ rẹ̀. Ọ̀dọ́mọbìnrin yẹn ní kí n má bínú. Ó gbà tó oṣù kan àti ààbọ̀ kí àyè tó ṣí fún wa, mo sì ń gbé wọn lọ láti ìgbà náà, n kò pa ọjọ́ kan jẹ. Mọ́tò náà ń lọ dáadáa. Àárọ̀ wo ni mo fẹ́, yóò tan.

Mo kúnlẹ̀ fún wọn ní alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun yẹn. Mo ní, "Bàbá mi, ẹ foríjì mí. N kò mọ̀." Wọ́n ń wo ògiri. Mo fẹ́ di ọwọ́ òsì náà mú, kí n fi ẹnu kàn án, ṣùgbọ́n bí ọwọ́ mi ṣe ń bọ̀, wọ́n fà á sábẹ́ aṣọ ìbora. Mo bínú sí wọn pẹ̀lú, kí n má purọ́. Mo bínú pé wọ́n fi àṣírí dáàbò bò wá títí tí àṣírí náà fi pa wọ́n lára. Ṣùgbọ́n ọwọ́ tí wọ́n fà sẹ́yìn, èmi ni wọ́n fà á fún.

Láti ìgbà náà, wọn kò nàka sí nǹkan kan mọ́. Tẹ́lẹ̀, lẹ́yìn tí ọ̀tún kú, òsì ni wọ́n fi ń di ife mú, tí wọ́n fi ń jẹun, tí wọ́n fi ń yí rédíò. Ní báyìí, bí mo bá gbé omi dé, ọwọ́ náà á wọ abẹ́ aṣọ, wọ́n á la ẹnu, èmi ni n ó fún wọn mu bí ọmọ ọwọ́. Mo sì rí i pé nígbà tí mo bá jáde kúrò ní yàrá, rédíò ń yí sí ibi tí n kò fi sí.

Ní oṣù tó kọjá, dókítà na ọwọ́ ọ̀tún wọn, ìka kò ṣí. Ó ní òun kò rò pé yóò padà mọ́. Ó wá wo ọwọ́ òsì tó ká jọ sábẹ́ aṣọ, ó fi òòlù kékeré lu ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀, ọwọ́ náà fò. Ó yíjú sí mi. "Èyí ńkọ́? Àwọn tó ń fún wọn ní eré ìdárayá ní wọn kì í lò ó mọ́ bí ẹ bá wà níbẹ̀. Kí ló ṣe é?"

Bàbá ń wò mí. Mo ní, "Kò sí ohun tó ṣe é."